Ẹran Tó Dì Lẹ́ẹ̀mejì

Bí ẹ bá ti ń fura, ẹ ò ṣì í fura: ẹran náà ti bàjẹ́. Ohun tí ẹ ò tíì mọ̀ ni ẹni tó bà á jẹ́. Ẹ má bínú, ẹni tó ni ẹran pàápàá ò mọ̀ títí wọ́n fi palẹ̀ oúnjẹ mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan lọ́dún 2007, Bísọ́lá Mojúbàolú dúró nínú kíṣìnnì rẹ̀ ní ẹ́sítéètì kan lẹ́yìn ìlú Ìkòròdú. Ó ti imú bọ ẹnu ìkòkò, ó sì yára fà á sẹ́yìn.

"Dádì Fèyí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbóòórùn nǹkan yìí."

Adéòjó, ọkọ rẹ̀, wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò, ó dìde.

"Kí ni mo ń gbóòórùn?"

"Ẹran lílọ̀ ni. Ṣé ó ń rùn ni àbí kò rùn?"

"Ṣé òótọ́ lo fẹ́ ni àbí àlàáfíà?"

"Ẹ dá mi lóhùn jàre!"

"Ó ń rùn díẹ̀."

"Díẹ̀ báwo?"

"Irú díẹ̀ tí aládùúgbò fi ń béèrè pé kí ló kú."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Nígbà tí mo gbé e jáde nínú fíríìsà láàárọ̀, ṣebí bí òkúta ló rí. Ẹran tó dì bí òkúta kì í bàjẹ́."

Adéòjó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó tún pa á dé.

"Bó bá ń rùn, dà á nù," ló sọ níkẹyìn. "Jẹ́ ká se iṣu fún wọn."

"Iṣu! Kí n se iṣu fún Màdáàmù Agnes? Ẹ kúrò níwájú mi, ẹ lọ gbọn àga."

Màdáàmù Agnes Oyèdèjì yìí ni ìdí ọ̀rọ̀. Òun ni alága ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ẹ́sítéètì náà. Lóṣù tó kọjá, ó pe àwọn kan wá sílé, ó sì gbé oúnjẹ kan kalẹ̀ tó pè ní lasánníyà. Kò sí ẹni tó jẹ ẹ́ yó, kò sì sí ẹni tó jẹ́wọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ń ròyìn rẹ̀ kiri bí ẹni ròyìn Mẹ́kà. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú Bísọ́lá.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ó rí obìnrin òyìnbó kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Obìnrin náà tẹ́ búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní tọtíyà sínú páànù, ó da ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi tòmátì àti àlùbọ́sà dín lé e, ó wọ́n wàràkàṣì sí i, ó tún tẹ́ tọtíyà mìíràn lé e lórí, títí páànù fi kún. Ó wá tì í bọ ààrò, wàràkàṣì yọ́, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ó rọrùn," ni obìnrin náà ń wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bísọ́lá gbà á gbọ́. Kò ṣáà rí inú fíríìsà obìnrin náà.

Ó ra tọtíyà àti wàràkàṣì nínú ilé ìtajà ńlá kan ní Èkó, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbé e padà sí èbúté Ìpakodò, ó gbé wàràkàṣì náà lé itan, ó sì kọ ojú àkọlé rẹ̀ sí àwọn èrò ọkọ̀, kó lè jẹ́ pé afọ́jú nìkan ni kò ní rí i.

"Ṣebí wàrà àwọn Fúlàní wà ní Sábó níbí?" ni Adéòjó wí nígbà tó gbọ́ iye rẹ̀. "Ó sì dùn."

"Wàrà inú omi? Nínú ilé tí mo fẹ́ pe Màdáàmù Agnes sí?"

Adéòjó gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Ọkùnrin náà fẹ́ràn àlàáfíà ju bó ti yẹ lọ, ẹ ó sì rí ibi tí ìyẹn gbé wọn dé.

Ẹran, Bísọ́lá rà á, wọ́n lọ̀ ọ́ fún un, ó tì í bọ fíríìsà pẹ̀lú wàràkàṣì. Kò sí nǹkan púpọ̀ mìíràn nínú fíríìsà náà. Ọmọ wọn, Fèyí, wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìkìrun. Tọkọtaya náà ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ń wọlé nígbà tí ìlú ti ń sùn, ìta ni wọ́n sì ń jẹun sí láàárín ọ̀sẹ̀. Ife omi dídì kan ló dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran náà, kọ́ìnì náírà kan sì wà lórí yìnyín inú rẹ̀.

Adéòjó ló gbé e síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì Kúlúsúmù, aládùúgbò wọn tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́, ló kọ́ àwọn ará ẹ́sítéètì ní ọgbọ́n náà níbi ìpàdé ìlera kan. Bísọ́lá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n fóònù ló ń tẹ̀.

"Ta ló ń fi owó ṣe yìnyín?" ló bi ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i. "Ṣé báǹkì ti kún ni?"

"Fi í síbẹ̀," ni Adéòjó wí. "Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀, ọjọ́ kan á yé wa."

Ó ku ààrò. Bísọ́lá ra ọ́fìnnì, ààrò oníná mànàmáná, tuntun, tó ní aago kékeré lára. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ló sì bọ́ sí, nítorí àwọn oníná ṣe bí ẹni ń wá ọkọ: iná ò ṣẹ́jú láti ọjọ́ Ajé. Àwọn ará ẹ́sítéètì tilẹ̀ ti ń bi ara wọn léèrè pé ta ni àlejò ńlá tó ń bọ̀. Lálẹ́ Ọjọ́rú, Bísọ́lá fi ọ́fìnnì náà síná nínú kíṣìnnì, ó pe Màdáàmù Agnes lórí fóònù, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ dá a dúró títí aago náà fi dún.

"Ẹ gbọ́ ìyẹn, Mà? Ọ́fìnnì mi ni."

"Áà! Mo ṣebí oní-áísíkiriìmù ló ń kọjá," ni Màdáàmù Agnes wí.

Inú bí Bísọ́lá débi pé ó pa iná kíṣìnnì, ó bá ibùsùn lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó pe àwọn àlejò ọjọ́ Àìkú: Màdáàmù Agnes, Oríyọmí ọmọ rẹ̀ tó lóyún, àti Nọ́ọ̀sì Kúlúsúmù, nítorí ojúlé kan péré ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tiwọn, kò sì ṣeé fò.

Báyìí, ọjọ́ Àìkú ti dé, ẹran sì ń rùn.

Bísọ́lá fi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ó bu ata ilẹ̀ sí i, ó bu áyù, ó da kọ́rì àti tááìmù lé e bí ẹni ń da iyanrìn bo nǹkan. Ó dín in títí ó fi gbẹ. Ó gbóòórùn rẹ̀. Kọ́rì ló gbọ́. Ó tún gbóòórùn rẹ̀, ó sì gbọ́ òmíràn lábẹ́ kọ́rì náà.

"Iná ti pa á," ló wí fún ara rẹ̀. "Kí ni iná kì í pa?"

Wàràkàṣì náà ń yọ̀ lọ́wọ́. Ó gé ojú rẹ̀ kúrò, ó họ ìyókù. Ó tẹ́ tọtíyà, ó da ẹran, ó wọ́n wàràkàṣì, ó tún tẹ́ òmíràn, gẹ́gẹ́ bí obìnrin òyìnbó náà ti ṣe. Ó na ọwọ́ sí ògiri, ó fa plọ́ọ̀gì kan yọ, ó ki ti ọ́fìnnì bọ̀ ọ́. Kò tilẹ̀ wo ibẹ̀.

Obìnrin tí kì í se ọbẹ̀ kó má tọ́ ọ lá títí ọbẹ̀ fi ń fà, lọ́jọ́ náà, kò tọ́ ohunkóhun lá.

Àlejò kàn ilẹ̀kùn.

"Ẹ kú ilé o!"

"Ẹ káàbọ̀, Mà! Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ o."

"A dúpẹ́, ìyàwó. Láàárọ̀ yìí náà ni mo dé."

Oríyọmí gbé oyún rẹ̀ wọlé tẹ̀lé wọn, ó ti ń fa afẹ́fẹ́ símú.

"Àǹtí Bísọ́lá, òórùn yìí ti gbá mi mú láti géètì! Wàràkàṣì ni, àbí? Láti àná lọmọ inú yìí ti ń bi mí pé wàràkàṣì dà."

Bísọ́lá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. Kò rò ó tẹ́lẹ̀ pé oúnjẹ náà yóò wọ inú ẹnìkan. Àwo àti orúkọ ló ti ń rò látọjọ́ yìí. Ó wá rí ikùn Oríyọmí níwájú tábìlì.

Ó gbé páànù náà jáde. Kí a sọ tòótọ́, ó wuyì. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀wù sányán, ó ń hó wúyẹ́wúyẹ́ létí.

"Kí lẹ pe èyí?" ni Màdáàmù Agnes béèrè.

"Tọtíyà ni, Mà. Ti Mẹ́síkò."

"Hẹn-ẹn. Mo ti jẹ ẹ́ rí. Ní Lọ́ńdọ̀nù."

Bísọ́lá gé e sáwo kálukú. Nígbà tó kan Oríyọmí, ó gé e tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni gé èékánná.

"Àǹtí, kí ni mo ṣe yín? Ṣé èyí lẹ fẹ́ kí èèyàn méjì jẹ?"

"Ata wà nínú ẹ̀ ni, Oríyọmí. Mi ò fẹ́ kó ta ọmọ."

"Ata ni mo ń wá kiri! Ẹ fi kún un, ẹ jọ̀ọ́."

"Bísọ́lá, fún un," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣé ó ń tán ọ lọ́wọ́ ni?"

Bísọ́lá fi kún un. Ṣíbí kan àwo, ó dún gbì.

Nọ́ọ̀sì Kúlúsúmù gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga.

"Ìyàwó, jókòó. Ìwọ ló yẹ kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Nílé wa, ẹni tó gbé àwo wá ló ń kọ́kọ́ bù ú sẹ́nu. Àbí ẹ̀yin ará Ìkìrun kì í ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ń ṣe é," ni Màdáàmù Agnes wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bísọ́lá, bù ú jẹ kí á mọ̀ pé o ò fẹ́ gba ipò alága lọ́wọ́ mi."

"Mo ti jẹ ní kíṣìnnì, Mà. Mo ti yó."

"A ò sí ní kíṣìnnì. Èwo ni ká pè ọ́ títí? Ẹnu kan péré," ni nọ́ọ̀sì wí.

Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Adéòjó nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Bísọ́lá bu díẹ̀. Ó gbé e dé ètè. Òórùn abẹ́ kọ́rì náà tún gòkè wá pàdé rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀, fọ́ọ̀kì lẹ́nu, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀.

"Ẹ̀yin ẹ máa wo ara yín lọ," ni Oríyọmí wí. "Ebi ń pa èmi." Ó gbé tirẹ̀ sókè, ó la ẹnu.

"Oríyọmí, má jẹ ẹ́!"

Igbe Bísọ́lá ta gbogbo ilé jí. Fọ́ọ̀kì Oríyọmí bọ́ sílẹ̀.

"Kí ló dé?" Màdáàmù Agnes ti dìde. "Kí ló wà nínú ẹ̀? Bísọ́lá, kí lo fi síbẹ̀?"

"Mi ò fi nǹkan kan síbẹ̀, Mà. Ẹran yẹn ni. Òórùn rẹ̀ ò… òórùn rẹ̀ ò dá mi lójú láti àárọ̀."

"Láti àárọ̀! O sì gbé e fún aboyún?"

Bísọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Nọ́ọ̀sì Kúlúsúmù fa àwo Oríyọmí sọ́dọ̀, ó fi fọ́ọ̀kì tú ẹran náà wò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Màdáàmù, ẹ jókòó. Kò tíì sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Ìyàwó, nu ojú ẹ. Báwo lẹran yìí ṣe rí nígbà tó o gbé e jáde?"

"Bí òkúta, Mà. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí. Nínú fíríìsà ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀."

"Ó lè wà nínú fíríìsà kó má dì. Àti pé èyí tó dì lónìí, ṣé ó dì lánàá? Ṣé ó dì níjẹta? Gbọ́ mi dáadáa. Fíríìsà kì í jí òkú, kì í sì í fọ ìdọ̀tí. Ipò tó bá bá ẹran ló ń dì í mọ́. Bí ẹran bá ti yọ́, tó jókòó sínú ooru, àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí á máa pọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá tún dì, wọn ò kú. Wọ́n sùn ni. Ó kàn wá le bí òkúta, ìwọ náà sì rò pé nǹkan kan ò ṣe é."

"Ṣùgbọ́n mo dín in, Mà. Mo tún yan án. Ṣé iná ò ní pa wọ́n ni?"

"Iná lè pa kòkòrò. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn ti da oró sínú ẹran kó o tó gbé e kaná, iná ìdáná kì í sì í ká gbogbo oró bẹ́ẹ̀. Bí o bá pa ejò tó ti bu èèyàn jẹ, ṣé oró ti kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni náà ni?"

"Kọ́rì ńkọ́?" ni Adéòjó béèrè, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Imú ni kọ́rì ń tàn. Ìfun mọ̀wé jù ú lọ. Lẹ́nu iṣẹ́ wa ní Àgbówà, mo ti rí ìdílé kan tí wọ́n jẹ irú ẹran báyìí. Bàbá, ìyá, ọmọ, èébì níwájú, ìgbẹ́ gbuuru lẹ́yìn. Ìyá náà lóyún bíi ti Oríyọmí. A dúpẹ́ pé wọ́n tètè gbé e dé. Àrùn inú oúnjẹ kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú aboyún, ọmọ kékeré àti arúgbó."

Màdáàmù Agnes tún gèlè ṣe.

"Ní tèmi, ọjọ́ tí mo bá fẹ́ se lasánníyà gan-an ni mo ń ra ẹran rẹ̀."

"Ó dára, Mà. Èyí tó ṣẹ́kù tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ kejì, tó ti sùn lórí tábìlì mọ́jú, ńkọ́?"

Màdáàmù Agnes gbé omi mu. Ó mu ún pẹ́.

"Ife tí mo ní kẹ́ ẹ máa gbé sínú fíríìsà," ni Nọ́ọ̀sì Kúlúsúmù wí, "ṣé ẹ gbé e síbẹ̀?"

Adéòjó dìde bí ẹni tí ìjókòó dùn mọ́. Ó wọ kíṣìnnì, ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, ó gbé ife náà wá sórí tábìlì. Yìnyín kún un, ó le koko. Ṣùgbọ́n kọ́ìnì ò sí lórí rẹ̀ mọ́. Ìsàlẹ̀ ife ló wà, yìnyín bò ó mọ́lẹ̀.

"Ẹ wò ó," ni nọ́ọ̀sì wí. "Kọ́ìnì kì í wẹ odò nínú yìnyín. Yìnyín yìí ti yọ́ di omi pátá, kọ́ìnì rì, lẹ́yìn náà ló tó tún dì. Bẹ́ẹ̀ náà lẹran yín. Ó dì lẹ́ẹ̀mejì."

Ni ojú Bísọ́lá bá là. Ẹkún gbẹ lójú rẹ̀.

"NẸ́PÀ!" ló pariwo. "Ẹ ò rí i? NẸ́PÀ ni! A lọ síbi iṣẹ́, wọ́n mú iná lọ, wọ́n dá a padà ká má baà mọ̀!"

"Àwọn náà ni," ni Màdáàmù Agnes wí, inú rẹ̀ dùn pé ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí lasánníyà.

Gbogbo wọn bú NẸ́PÀ dáadáa, ara sì tu ilé. Wọ́n fi ọ̀rá méjì di oúnjẹ náà, wọ́n jù ú síbi tí ajá ò ti lè tú u. Adéòjó tan sítóòfù, ó se iṣu, ó dín ẹyin. Tọtíyà tí wọn ò tíì tú kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù, Oríyọmí sì fi ká ẹyin, ó jẹ ẹ́ títí ó fi gbàgbé wàràkàṣì. Màdáàmù Agnes bu iṣu lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó bu lasánníyà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ ó ti ṣe é nìyí. Ẹ gbé ife yìnyín pẹ̀lú kọ́ìnì lórí rẹ̀ sínú fíríìsà yín. Bí kọ́ìnì bá ti rì, ẹ má fọkàn tán ẹran àti ẹja tó wà níbẹ̀, ì báà le bí irin. Bí iná bá lọ, ẹ má máa ṣí fíríìsà wò ní gbogbo ìgbà. Bó bá ṣe wà ní títì ni òtútù rẹ̀ ń pẹ́ tó. Èyí tó bá ti yọ́, tó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má dá a padà, ẹ má fi kọ́rì bò ó, ẹ dà á nù. Ẹran tó bàjẹ́ pàápàá lè má rùn rárá, nítorí náà ẹ má fi imú nìkan ṣe adájọ́. Èyí tí ẹ ò bá lè fi sẹ́nu ara yín, ẹ má gbé e fún àlejò. Bí ẹnikẹ́ni bá sì jẹ oúnjẹ, tó wá ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ máa fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń fúnni nílé ìwòsàn, ẹ sì gbé e lọ síbẹ̀ kíá, àgàgà aboyún àti ọmọdé.

Nígbà tí àlejò lọ, Bísọ́lá ń fọ páànù, ó ṣì ń bínú.

"Lọ́la, màá lọ sí ọ́fíìsì wọn. Wọn ò ní fi ìwà àìbìkítà pa ọmọ ọlọ́mọ lórí tábìlì mi."

Adéòjó ń nu àwo. Ó nu ún títí ó fi gbẹ, ó tún nu ún.

"Mọ́mì Fèyí, má lọ."

"Kí ló dé tí mi ò ní lọ?"

"Iná ò lọ lọ́sẹ̀ yìí. Nígbà tí mo dé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, plọ́ọ̀gì fíríìsà ni mo bá nílẹ̀, ti ọ́fìnnì ẹ ló wà lára ògiri láti Ọjọ́rú. Mo dá a padà, mi ò sọ fún ẹ, torí mi ò fẹ́ ìjà. Ìyẹn sì ni ẹ̀bi tèmi."

Bísọ́lá yí padà, ó wo ara ògiri. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà ní kíṣìnnì náà. Plọ́ọ̀gì ọ́fìnnì ló wà nínú rẹ̀. Ti fíríìsà tún wà nílẹ̀.